Àpápá Kú, Àpápá Tún Jí: Ohun Tí Ojú Àwa Olóúnjẹ Rí

(Ọ̀rọ̀ tí àwọn mẹ́ta láti ẹ̀ka olóúnjẹ bá ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé wa ní Òde-Ayé. A tẹ̀ ẹ́ síbí nítorí àwọn tí kò ráyè wá.)

    

Wọ́n ní kí á má pẹ́ lórí ìdúró. A ò ní pẹ́, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé olóúnjẹ tí kò bá lẹ́nu, inú ìkòkò ni ọbẹ̀ rẹ̀ máa kan sí.

Ọ̀rọ̀ ilé oúnjẹ àti ilé ọtí etí omi ni wọ́n ní kí á sọ. Ẹ mọ ohun tó fà á. Ó ti lé ní ọdún mélòó kan tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ondo ti ń sọ pé òun fẹ́ kọ́ èbúté ńlá sí etíkun Ìlàjẹ. Láti ìgbà tí ariwo náà ti ń dé etí wa ni àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ti ń sọ pé kí á kó owó àjọ tó wà ní báńkì, kí á fi gba ilẹ̀ ní Igbókòdá lẹ́bàá jẹ́tì, kí á kọ́ bùkà àti bíà pálọ̀ síbẹ̀ kí àwọn olówó tó gbà á tán. Wọ́n ní bí èbúté bá dé, owó dé nìyẹn. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni, ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Ìyálọ́jà wá ní kí àwa mẹ́ta dìde, kí á sọ ohun tí a mọ̀ nípa Àpápá, nítorí pé kò sí èbúté tó ju Àpápá lọ tí obìnrin Ìkálẹ̀ ti gbé ìkòkò kaná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Méjì nínú wa ta oúnjẹ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà tí a ń gbé Ajégúnlẹ̀, níbi tí ará Ìkálẹ̀ àti ará Ìlàjẹ pọ̀ sí bí ewé. Ẹnì kẹta wa kò gbé Èkó rí. Òun la mú dání nígbà tí a padà lọ wo ibẹ̀, kí ojú tuntun lè wà nínú rẹ̀. Òun náà ló sì bá wa jiyàn jù, bí ẹ ó ṣe gbọ́.

Àpápá kì í ṣe ọmọ àná. Ọdún 1921 ni ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ibi tí ọkọ̀ ojú omi ńláńlá ti lè gúnlẹ̀ níbẹ̀, nígbà tó fi di 1926, mẹ́rin ti wà nílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nínú wa á rántí ọ̀rọ̀ sìmẹ́ńtì ọdún 1975. Ìjọba ológun ra sìmẹ́ńtì lókè òkun láìwo bí ẹnu ṣe tó jẹ ẹ́. Ọkọ̀ tó lé ní irínwó (400) tò sójú omi Èkó, wọn ò ríbi já ẹrù sí, sìmẹ́ńtì ẹlòmíràn sì dì sínú ọkọ̀. Nǹkan tó jẹ́ kí wọ́n kọ́ èbúté Tin Can nìyẹn, wọ́n sì ṣí i ní 1977. Báyìí ni èbúté ṣe di méjì lójú kan náà, tí ọ̀pọ̀ ẹrù ilẹ̀ yìí sì ń gba ojú ọ̀nà tíntínní kọjá. Ẹ fi ojú ọ̀nà tíntínní yẹn sọ́kàn o, òun ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Ìgbà tí Àpápá dùn, ó dùn. Òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀fù wà, àwọn ajẹ́ńtì tó ń gba ẹrù jáde wà, àwọn òṣìṣẹ́ báńkì wà, àwọn tó ń lọ ìyẹ̀fun ní Flour Mills wà. Nínú GRA, òyìnbó ń gbé ibẹ̀, ará Lẹ́bánónì àti Íńdíà ń gbé ibẹ̀, ilé oúnjẹ wọn sì wà níbẹ̀ tí wọ́n tan iná róbótó róbótó sí. Ní Liverpool Road, ní Creek Road, ní Warehouse Road, bí aago méjìlá bá ti lù, ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n da omi sílé eèrà. Kí aago méjì tó lù, ìkòkò ti dòfìfo. Ó wá di ìrọ̀lẹ́, àwọn olóúnjẹ ọ̀sán palẹ̀ mọ́, àwọn ẹlẹ́ran yíyan àti àwọn olóbìnrin ata súùpù gba ibẹ̀. Àwọn olówó lọ sí ilé ọtí tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, àwọn tálákà jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ọjọ́ tí wọ́n bá sanwó oṣù, ẹ má wulẹ̀ bi wá léèrè. Ọ̀kan nínú wa fi owó ọjọ́ sísanwó oṣù nìkan rán ọmọ méjì lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì.

Ní 2006, ìjọba gbé iṣẹ́ èbúté fún àwọn iléeṣẹ́ aládàáni. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ àtijọ́ gbàwé, wọ́n lọ sílé. Àwọn oníbàárà wa nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀ nígbà náà pé ìkìlọ̀ ni.

Ohun tó wá pa Àpápá gan-an kò wá lọ́jọ́ kan. Kọ̀ńténà ń pọ̀ sí i, ojú ọ̀nà ò pọ̀ sí i. Àwọn ilé ìkẹ́pò bẹntiróòlù ń hù bí olú lẹ́bàá omi, gbogbo táńkà tó fẹ́ gbé epo lọ sí Kánò, lọ sí Ìbàdàn, lọ sí ibikíbi, Àpápá ni wọ́n ń bọ̀. Táńkà àti tírélà wá pàdé lórí ọ̀nà tó ti kún fún kòtò. Kò síbi tí wọ́n kọ́ fún wọn láti dúró sí, wọ́n bá sọ ojú títì di gáréèjì. Ìlà wọn gùn láti ẹnu wọ́ọ̀fù, ó gun afárá Ìjọrà, ó gun Eko Bridge, ìgbà mìíràn ó dé Sítédíọ̀mù ní Sùúrùlérè. Lápá kejì, láti Tin Can dé Mile 2 ni. Dírẹ́bà á sùn lórí afárá fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí kọ̀ńténà kan ṣoṣo. Nígbà tó fi di 2020, owó gbígbé kọ̀ńténà kan láti Àpápá dé àárín Èkó níbí yìí ti kọjá mílíọ̀nù kan náírà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọjà ilẹ̀ òkèèrè wá tà, ẹ̀yin náà sanwó yẹn, ẹ kàn lè má mọ orúkọ tó ń jẹ́ ni.

Ẹ wá wo bí ó ṣe pa ilé oúnjẹ. Ilé oúnjẹ kì í ṣe ilé ìkẹ́rù. Ẹni tó fẹ́ jẹun gbọ́dọ̀ lè dé ibẹ̀, kí ó jẹ tán, kí ó sì lè padà sílé. Nígbà tí ìrìn ogún ìṣẹ́jú di wákàtí mẹ́rin, ta ló máa kúrò ní Ìkejà wá jẹun alẹ́ ní Àpápá? Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pàápàá, aago mẹ́ta ọ̀sán ni wọ́n ti ń sá gun ọ̀kadà kí ilẹ̀ tó ṣú bá wọn lójú ọ̀nà. Ọ̀sán ṣì wà fún olóúnjẹ díẹ̀, ṣùgbọ́n alẹ́ kú pátápátá, alẹ́ sì ni ilé ọtí fi ń jẹun. Ẹja tútù ò dé lásìkò. Ọkọ̀ tó ń gbé bíà wọlé, ó fẹ́ gba ìlọ́po owó. Àwọn báńkì ti ẹ̀ka wọn pa. Àwọn iléeṣẹ́ kó lọ sí Ìkejà àti Erékùṣù Èkó. Ilé aláruru nínú GRA ṣófo, wọ́n kọ "ilé yìí wà fún háyà" sára rẹ̀, òjò rọ̀ títí ó fi pa á rẹ́. Àwọn ilé oúnjẹ tí a ń wò bí ààfin, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n ẹ dákẹ́ o. Ibi tí a fẹ́ kí ẹ gbọ́ nìyí, nítorí pé àwọn tó ń kọ̀wé ìròyìn kì í sọ ọ́.

Nígbà tí àwọn ńlá ń kú, àwa ń là. Bẹ́ẹ̀ ni! Dírẹ́bà tí kò lè fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò ha ní jẹun? Òun àti ọmọ mọ́tò rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. A kúrò níbi tí a ń tà sí tẹ́lẹ̀, a gbé ìkòkò wa lọ bá wọn sábẹ́ afárá àti ẹ̀gbẹ́ títì. A ta ẹ̀bà, a ta ìrẹsì, a ta omi ìwẹ̀, a ta ògógóró láàárọ̀ fún ẹni tí òtútù mú. Àwọn kan nínú wa fi tapólì ṣe ilé, wọ́n gbé bẹ́ǹṣì síbẹ̀, wọ́n ní bíà pálọ̀ ni. Ó sì jẹ́ bíà pálọ̀ lóòótọ́, ó máa ń kún. A jẹ́wọ́ fún yín lónìí: ìgbà kan wà tí àwa olóúnjẹ ń gbàdúrà kí ìlà má sún. Nígbà tí wọ́n bá ní ìjọba fẹ́ tún ọ̀nà ṣe, ojú wa á rẹ̀wẹ̀sì. Ṣé ẹ rí i, ohun tó ń pa ìlú ló ń bọ́ wa, a ò sì bèèrè bóyá ó máa tọ́jọ́.

A tún ta àwìn. Dírẹ́bà á ní, "Màmá, tí mo bá já ẹrù, mo máa san." Níwọ̀n bí a kò ti mọ orúkọ bàbá wọn, nọ́ńbà tírélà la ń kọ sínú ìwé. Ọ̀kan nínú wa ṣì ní ìwé yẹn lọ́wọ́ títí di òní. Ó mú un wá síbí, ẹ lè wò ó lẹ́yìn ìpàdé. Ojú ewé tó lé ní ogójì, nọ́ńbà ọkọ̀ lásán.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ yí padà. Ní 2017 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tún Wharf Road ṣe, Dangote, Flour Mills àti àwọn aláṣẹ èbúté ló dáwó rẹ̀. Ní 2018 ìjọba gbé ọ̀nà Àpápá sí Òṣòdì títí dé Òwóròǹṣòkí fún Dangote, kí ó fi kọnkéré ṣe é, kí ó sì yọ owó rẹ̀ kúrò nínú owó orí tí ó yẹ kí ó san. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, àṣẹ jáde láti Àbújá pé kí gbogbo tírélà kúrò lójú títì láàárín wákàtí 72. A rẹ́rìn-ín. A ti gbọ́ irú rẹ̀ rí. Òótọ́ ni pé wọ́n lọ, wọ́n sì tún padà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2021, àwọn aláṣẹ èbúté gbé nǹkan tuntun dé, wọ́n pè é ní Ètò. Yorùbá náà ni o, wọn ò yí i padà. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé tírélà ò gbọdọ̀ wá bá wọ́ọ̀fù fúnra rẹ̀ mọ́. Yóò dúró sí páàkì tí wọ́n yà sọ́tọ̀, bíi ti Lilypond ní Ìjọrà. Ẹni tó ni ín á forúkọ sílẹ̀ lórí fóònù, á sanwó. Bí ó bá kàn án, wọ́n á pè é, á wọlé, á gbé ẹrù, á jáde.

Kò dára tán lọ́jọ́ kan o. Ìhà Tin Can pẹ́ kí ó tó rí ìtura, àwọn kan sì wà tí wọ́n ń gba owó ẹ̀yìn láti fi ẹni tí kò kàn síwájú. Títí dòní, ó máa ń dí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ Àpápá ní 2018, tó tún débẹ̀ lẹ́yìn 2021, á mọ̀ pé nǹkan ti yàtọ̀.

Àwa ńkọ́? Ìlà tó sún, oníbàárà wa ló sún lọ. Tírélà tó ń sùn lọ́dọ̀ wa tẹ́lẹ̀, ó wá ń kọjá lójú wa fìrìì, dírẹ́bà ò tilẹ̀ juwọ́. Àwọn tó jẹ wá lówó nínú ìwé, a ń rí nọ́ńbà ọkọ̀ wọn tó ń sáré lọ, a ò lè dá a dúró. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń tún àyíká ṣe wá. Wọ́n ní ahéré abẹ́ afárá gbọ́dọ̀ kúrò. Wọn kì í wá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á wá, wọ́n á lọ, wọ́n á tún wá. Ọjọ́ tó kan ọ̀kan nínú wa, ó ní ìkòkò ẹran lórí iná. Wọn ò jẹ́ kí ó sọ̀ ọ́. Ó ní òun bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun ta ti ọjọ́ yẹn tán, ọ̀dọ́kùnrin kan sì bi í pé, "Màmá, ìwé yín dà?" Kò ní ìwé. Ó ti ta oúnjẹ fún ọdún méje lójú kan náà, ó ń san owó ilẹ̀ fún àwọn ọmọ àdúgbò lójoojúmọ́, ó ń san fún ẹni tó ní òun wá láti káńsù, kò sì sẹ́ni tó já rìsíìtì gidi kan fún un rí. A ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, kò sì wúlò mọ́. Ó padà wálé síbí lọ́dún yẹn. Òun ló jókòó sọ́tùn-ún wa yìí.

Ọmọbìnrin ìlú wa kan wà tí ti rẹ̀ yàtọ̀. Nígbà tí gbogbo ènìyàn ń sá kúrò, tí àwọn onílé ń bẹ ènìyàn kí wọ́n wá gba sọ́ọ̀bù, ó lọ gba ìdajì sọ́ọ̀bù kan nínú àdúgbò, lẹ́yìn Liverpool Road. A fi ṣe yẹ̀yẹ́. A ní kí ló ń wá nínú kọ̀rọ̀ tí kò sí tírélà? Owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí onílé kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọdún márùn-ún, kí ó sì buwọ́ lù ú. Oúnjẹ ìlú wa ló ń sè níbẹ̀, pupuru àti ọbẹ̀ marúgbó, àti ẹja gbígbẹ tó ń gbà láti Igbókòdá. Fún ọdún méjì àkọ́kọ́, àwọn ará Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ láti Ajégúnlẹ̀ nìkan ló ń jẹun níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà là, tí àwọn òṣìṣẹ́ padà sí ọ́fíìsì, tí wọ́n tún lè dúró di aago mẹ́jọ alẹ́, wọ́n bá a níbẹ̀. Onílé fẹ́ lé e jáde kí ó lè gba ẹni tó máa sanwó jù. Kò rí i ṣe, ìwé wà nílẹ̀. Nígbà tí ọdún márùn-ún pé, ó fi owó kún un fún un gan-an ni, àmọ́ ó ti lágbára láti san.

Nígbà tí àwa mẹ́ta padà lọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la wọ̀ sí. A jókòó síta nírọ̀lẹ́, a ń wo ọ̀nà. Ọkọ̀ kéékèèké ń kọjá. Àwọn ọ̀dọ́ tó wọ aṣọ iṣẹ́ ń rìn bọ̀ ní méjì méjì. Ilé oúnjẹ kan tí a mọ̀ pé wọ́n ti tì pa ti ní kíkùn tuntun lára, wọ́n gbé àga síta, wọ́n ń yan ẹja. Ilé ọtí wà tí wọ́n ti ń lu orin, kò kún bí ti àtijọ́, àwọn ilé tó ṣófo ṣì pọ̀ nínú GRA, èèyàn á sì pẹ́ kí ó tó gbàgbé. Àwọn tó ti kó lọ sí Ìkejà, gbogbo wọn kọ́ ló padà. Ṣùgbọ́n alẹ́ ti wà. Ẹnì kejì wa tó ta oúnjẹ níbẹ̀ rí kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ní, "Níbi tí mo ti ń ta ẹ̀bà, wọ́n ti gbin òdòdó síbẹ̀."

A fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìlú òyìnbó kan kún un, kò ní pẹ́. Ẹ ti gbọ́ orúkọ Liverpool. Ibẹ̀ ni epo pupa tí àwọn ìyá ìyá wa ń fún ń lọ láyé àtijọ́, òun ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là. Wọ́n ní èbúté kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Albert Dock, ó ti wà láti 1846. Ọkọ̀ ojú omi dàgbà jù ú lọ, ní 1972 wọ́n tì í pa, ẹrẹ̀ kún inú rẹ̀. Ní 1988 wọ́n tún un ṣí. Ọkọ̀ ẹrù ò padà wá. Ilé oúnjẹ, ilé ọtí, sọ́ọ̀bù àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni wọ́n kó sínú àwọn ilé ẹrù àtijọ́ yẹn, èèyàn sì ń rọ́ lọ síbẹ̀. Ìdí tí a fi sọ èyí ni pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ gbà pé ọkọ̀ ojú omi ló ń bọ́ ilé oúnjẹ. Ní Liverpool, kò sí ọkọ̀, oúnjẹ ń tà. Ní Àpápá, ọkọ̀ kún inú omi, kọ̀ńténà kún ilẹ̀, ilé oúnjẹ kú. Ibi tí ẹsẹ̀ èèyàn bá ti lè dé ní ìrọ̀rùn ni ìkòkò ti ń tà.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á bọ̀ sí Igbókòdá tiwa. Gbogbo wa la mọ ọ̀nà ibẹ̀. A ń gba Òkìtìpupa lọ, a ń gbé gàrí, pupuru, epo àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ, a ń gbé ẹja àti edé bọ̀. Àwọn ará Ayétòrò, Ugbó àti gbogbo ìlú orí omi ń gúnlẹ̀ sí jẹ́tì. Bùkà ò wọ́n níbẹ̀, ilé ọtí náà sì wà. Ohun tó dà wọ́n láàmú ni a gbọ́dọ̀ wò kí á tó kó owó lọ. Ẹ rántí iná mànàmáná. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí apá gúúsù ìpínlẹ̀ yìí fi wà nínú òkùnkùn. Ilé ọtí wo ló máa tà bí bíà rẹ̀ bá gbóná? Yìnyín la fi ń mú un tutù, jẹnẹrétọ̀ la sì fi ń tan iná, gbogbo èrè ń bá èéfín lọ. Láti 2023 tí owó ìrànwọ́ epo bẹntiróòlù ti kúrò, owó ọkọ̀ ojú omi ti fò sókè, ẹni tó ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ wá ń wá lẹ́ẹ̀kan. Kí èbúté tó dé, ìyẹn ti wà nílẹ̀.

Bí èbúté bá wá dé lóòótọ́ ńkọ́? Ọ̀nà kan náà tí a ń gbà yìí ni tírélà máa gbà. Bí wọn ò bá kọ́ páàkì, ojú títì ni wọ́n máa dúró sí, bóyá ní Igbókòdá, bóyá ní Òkìtìpupa, ó tilẹ̀ lè jẹ́ ẹnu ọ̀nà wa níbí. Owó máa wà nínú rẹ̀ fún ìgbà kan. A máa gbé ìkòkò lọ bá wọn, bí a ṣe ṣe ní Àpápá. Ọjọ́ tí ìjọba bá wá rántí pé ìlú ti bàjẹ́, tó bá ní kí á palẹ̀ mọ́, ìwé wa dà?

Ìmọ̀ràn tiwa, àwa méjì tó ta oúnjẹ ní Àpápá, ni pé kí ẹgbẹ́ má kó gbogbo owó àjọ sétí omi. Kí á kọ́kọ́ lọ bá káńsù àti àwọn onílẹ̀, kí á gba ilẹ̀ tó ní ìwé, kódà kí ó wà nínú díẹ̀, kí ó má ṣe wà lójú títì gan-an. Kí orúkọ wa wà nínú ìwé náà, orúkọ àwa obìnrin. Ẹ má bínú sí wa, ẹ̀yin ọkọ wa tí ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, a ti rí ibi tí wọ́n ti fi orúkọ ọkọ gba sọ́ọ̀bù, tí àwọn àbúrò ọkọ sì wá gbà á nígbà tí ọkọ kú. Oúnjẹ tí a ó sì máa sè níbẹ̀, kí ó jẹ́ èyí tí ará ìlú á fẹ́ jẹ bí tírélà kan ò tilẹ̀ dé.

Ẹnì kẹta wa kò gbà. A ṣèlérí fún un pé a máa sọ ti rẹ̀ náà. Ó ní bí a bá ń dúró de ìwé, àwọn tó ní owó ju wa lọ á ti gba etí omi tán. Ó ní káńsù wo ló máa kọ̀wé fún ẹni tí kò tíì jókòó síbì kankan? Ó ní kí á kọ́kọ́ lọ jókòó, kí á gbé ìkòkò kaná, ìwé á bá wa níbẹ̀. Ó ní ọmọbìnrin tó gba sọ́ọ̀bù lẹ́yìn Liverpool Road pàápàá, ó ní owó lọ́wọ́ tó fi gbà á, ibo ló ti rí owó náà bí kò ṣe nínú títa oúnjẹ fún àwọn tírélà? Òótọ́ ni. Abẹ́ afárá ló ti kó o jọ. A jà á títí a fi dé Ọ̀rẹ̀ nínú mọ́tò, dírẹ́bà ní kí á jọ̀ọ́ kí á jẹ́ kí òun gbọ́ rédíò.

Ẹgbẹ́ ló máa dá a. Ìpàdé tí ń bọ̀ la máa dìbò lórí owó àjọ náà, kò sì sẹ́ni tó máa dìbò fún ẹni tí kò wá. Akọ̀wé ti ní kí gbogbo ẹni tó ń ta oúnjẹ, ọtí tàbí mínírà nínú wa, níbi yòówù kí ó ti máa tà, mú ìwé ilẹ̀ tàbí rìsíìtì tó bá ní lọ́wọ́ wá, kí á lè mọ iye ẹni tó ní in àti iye ẹni tí kò ní. Tíkẹ́ẹ̀tì ojoojúmọ́ kò sí lára rẹ̀ o. Àwa ti ka tiwa kí á tó wá: àwa mẹ́ta, ìwé kan ṣoṣo.